Bọ́tìnnì Tí Kò Fẹ́ Ìyà

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òní ni Ọ̀gá Ọdẹ́níyì fẹ́ dán àwa atẹ̀wé wò lórí ètò tuntun inú kọ̀ǹpútà yìí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ó di ilé ìkẹ́rùsí. Èmi tí mo ti ń fi taipuráítà jẹun láti ìgbà ọmọge! Tẹ̀rùtẹ̀rù ni mo fi lọ sùn.

Mo dé ibi iṣẹ́, ọ́fíìsì wa ti fò lọ sókè igi máńgòrò. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa. Mo ká aṣọ sókè, mo gun igi, mo wọlé. Ọ̀gá ti di òbúkọ, ṣùgbọ́n táì ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Mẹ̀ẹ́, o pẹ́ dé."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Mo jókòó, mo da ìka bo kọ̀ǹpútà, gbà! gbà! gbà!

Bọ́tìnnì kan figbe ta: "Yéè! Ìyá Ìwàlẹ́wà, kí ni mo fi ṣe yín? Iyán kọ́ là ń gún níbí o!"

Mo ní, "Taipuráítà tèmi, béèyàn ò bá lù ú, kì í gbọ́."

"Àwa ń gbọ́. Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn wá."

Inú bí mi. Mo ní n ò ṣe mọ́, kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé ìkẹ́rùsí. Ni ọ́fíìsì bá di ọkọ̀ ojú omi lórí odò ògì gbígbóná, òbúkọ ń tukọ̀. Taipuráítà mi jókòó tì mí, ó ń jẹ àkàrà.

Ó ní, "Mopélọ́lá, nígbà tí o kọ́kọ́ rí èmi náà, ṣé o ò sunkún ni?"

"Mo sunkún."

"Ta ló wá ń lé ọ báyìí? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Mo bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo kan èkejì, òun náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe dé ìparí ìlà, mo nawọ́ láti ti irin tí taipuráítà fi ń bọ́ sí ìlà tuntun, n ò rí irin kankan. Kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ fìyẹn sílẹ̀, màmá, mo mọ̀nà." Ìlà tuntun sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn, àfi bíi kí n jó sínú ògì.

Òbúkọ ní, "Mẹ̀ẹ́! O yege."

Ni mo bá jí. Òbúkọ aládùúgbò ló ń ké lábẹ́ fèrèsé, gbogbo ìka mi sì wà lórí ẹ̀yìn ọkọ mi. Mo ní kó má bínú.

Ó ní, "Ìyá Ìwàlẹ́wà, látọjọ́ tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà yẹn dé, ojú oorun lo ti ń lù mí lẹ́yìn bí ẹni ń gúnyán. Tòní nìkan ló rọ̀. Jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀ sí i."