Ibi tí Màmá ti Dúró Díẹ̀

...àbí kí n tún gé e? Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ta ló máa mọ̀? Mo ti gé e lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, mo sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, bí aránṣọ tó rán aṣọ tán tó tún ń tú u. Ọ̀gá ilé ìgbohùnsílẹ̀ wa ní kí orin tí Màmá kọ dé ọwọ́ òun kí aago méjìlá tó lù. Mọ́kànlá ti lù. "Jẹ́ kó dán," ló wí.

Ó ti dán. Ọlọ́run mọ̀ pé ó ti dán. Mo yọ ikọ́ kúrò. Mo yọ èémí. Ibi tí ohùn Màmá ti yẹ̀, mo tì í padà. Ariwo pa, pa, pa tó wà lábẹ́ orin — ó ń fi ọwọ́ gbá itan bó ṣe ń kọ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fọwọ́ lélẹ̀ jẹ́ẹ́, kò gbọ́ — mo fọ ìyẹn náà dànù. Ó ku ibí yìí nìkan. Kó tó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn, ó dúró. Ìlù tí mo fi sí i nínú kọ̀ǹpútà ti kọjá lọ, Màmá ṣì dúró. Mo ní ó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin ni...

Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún un. Dókítà ò fi bò: ó lè má kọrin mọ́. Ohùn tí mo bá fi ránṣẹ́ lónìí ni ohùn tó máa kù. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n lánàá, ní ọsibítù, mo gbé orin tí mo ti tún ṣe yìí sí i létí. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mà dùn o. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kẹ̀? O wá sọ mí di ọmọge!"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ká mi lára.

Jẹ́ kí n gbọ́ ti àkọ́kọ́, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo di ojú.

Pa... pa... pa...

Kí ló dé tí mo ń yán? Lọ́sàn-án gangan! Èjìká mi ti rọ̀. Pa... pa... Mo mọ ọwọ́ yìí. Ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n. Orin tó fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré nìyí, ọwọ́ tó fi ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyí, àní mo pè é ní ariwo...

Ó dé ibẹ̀. Ọwọ́ dúró. Ohùn dúró.

Kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ń tẹ́tí sí mi ni. Ó ń gbọ́ bóyá èémí mi ti wálẹ̀, bóyá ọmọ ti sùn. Bí mi ò bá tíì sùn, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo ti hu ewú, mo jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ọ́, mo ń tẹ bọ́tìnnì... síbẹ̀ ó dúró, ó ń tẹ́tí sí mi. Ìyẹn ni mo gé lẹ́ẹ̀mẹta.

Fóònù ń dún. Ọ̀gá ni. Kó máa dún ná.

Mi ò tíì sùn, Màmá. Ẹ tún un kọ látòkè.