Ẹni Tó Ń Pariwo Rírà

"Pọ́ùn mẹ́ta! Igba ebè, pọ́ùn mẹ́ta! Gbogbo iṣu tó wà nílẹ̀ ní Òjòkú ni Àlàájì Kamaldeen fẹ́ rà!"

Gbádé, alágbàtà Àlàájì, ló ń ké bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tésàn reluwé Ọ̀fà, nínú oṣù kẹfà ọdún 1958, nígbà tí iṣu ṣì ń ta nínú ebè. Àwọn oníṣòwò rọ̀gbà yí i ká. Asiata dúró lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ Gbádé ló ń wò, kò wo ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Jímọ̀, ṣé o gbọ́?" Susannah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbá a léjìká. "Pọ́ùn méjì ni lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí Àlàájì bá ń rà, ta ni èmi tí n kò ní rà?"

"Mo gbọ́ ẹnu. N kò tíì rí owó."

"Ìwọ! Bí ọmọdé bá kí ọ ní 'ẹ káàárọ̀', wàá béèrè ẹni tó rán an."

Asiata rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara ń fu ú. Ẹgbàá ebè ló ti rà sílẹ̀ ní Òjòkú láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ogún pọ́ùn gbáko, kò sì ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kó máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra gbogbo iṣu ìlú kan, kí ló dé tó ń fi ariwo sọ ọ́ di ọ̀wọ́n fún ara rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ lọ́rì lọ sí Òjòkú. Níbẹ̀, ẹni tó bá ra iṣu nínú ebè á so àkísà tirẹ̀ mọ́ igi iṣu àkọ́kọ́. Bí kò bá sí àkísà, kò sí ọjà. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ àkísà pupa Àlàájì. Asiata rìn láti oko dé oko, ó ń ka àkísà. Pupa tó jẹ́ mọ́kàndínlógún nígbà tó wá kẹ́yìn ti ku mẹ́rin. Àkísà àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí òwò ló wà lórí igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí Fáwùmí, àgbẹ̀ tó ni ọ̀kan nínú àwọn oko náà. "Ta ló ń tú àkísà Àlàájì?"

"Gbádé ni, ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ló ń mú àwọn olùrà wá. Ó ń sọ fún wọn pé ìbátan òun kan ló ń tà."

"Ṣé òun náà ti ra tuntun?"

"Ebè kan ṣoṣo, n kò rí i."

Asiata yíjú sí pupa mẹ́rin tó kù. Ẹni tó ń pariwo rírà ló ń tà lábẹ́lẹ̀! Bí mẹ́rin yẹn bá ti tán, ariwo á tán, iye iṣu á sì já wálẹ̀.

Nígbà tó délé, Susannah ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó di ọgbọ̀n pọ́ùn sínú gèlè. "Ta ẹgbàá tìrẹ fún mi. Ìwọ ò kúkú gbà á gbọ́, èmi gbà á gbọ́."

Èrè pọ́ùn mẹ́wàá! Ọwọ́ ń yún Asiata. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ fura pé Gbádé ló rán an wá. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Susannah fi ta iyọ̀ kó owó yẹn jọ. Ojú ti Asiata.

"Dìde. Ká lọ bá Gbádé."

Ní tésàn, níwájú gbogbo èrò, Asiata gbóhùn sókè. "Gbádé, o ní Àlàájì ń ra igba ní pọ́ùn mẹ́ta. Mo ní ẹgbàá. Mo tà á. San owó mi báyìí."

Gbádé sún sẹ́yìn. "Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Àlàájì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo? Mo ti Òjòkú bọ̀. Ta lo ta àkísà pupa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún?"

"Èmi!" obìnrin kan lọgun. "Mo ra méjì!" Òmíràn náà figbe ta. Kò pẹ́ tí pọ́ùn mẹ́ta fi di méjì, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni ò dá iye kankan mọ́.

Susannah di owó rẹ̀ padà sínú gèlè. "Ìyá Jímọ̀, ìwọ ńkọ́? Ta ni yóò ra tìrẹ báyìí?"

"Kò sí." Ó dun Asiata wọ egungun. "Bó bá di oṣù kẹjọ, a ó jọ wà á, a ó jọ gbé e wọ reluwé lọ tà ní Èkó. Owó rẹ la ó fi san owó ọkọ̀; ìdajì èrè, tìrẹ."

"O ò ní fura sí mi?"

"Màá máa ṣọ́ ọ," Asiata ní, "ṣùgbọ́n a ó jọ lọ."