Ẹ̀jẹ̀ Idì Lójú Ọ̀gá Tuntun

Kí Ọlọ́run má fi ọ̀gá tí kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ pé òun ò mọ̀, jẹ wá níyà. Èyí tí wọ́n gbé wá sílé ìtọ́jú ẹyẹ wa, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló fi ọdún méjìlá wò lọ́sibítù. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́. Ṣíọ̀! A sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Idì kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà tí apá rẹ̀ kán. Oṣù méje ni bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹyẹ fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Apá ti san. Ó ku ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, ká tó tú u sílẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ló bá figbe ta. "Yéè! Kòkòrò wà nínú gbogbo hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ku ẹyọ kan! Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ kó kú, kó má kó o ran àwọn yòókù!"

"Màmá, ẹ gbà mí o," ni bàbá ń sọ fún èmi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ wò níbẹ̀ tipẹ́.

Mo wo inú awò náà. Háà, ẹ̀rín pa mí! Kókó dúdú tó máa ń wà láàárín hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ẹyẹ, láti inú ẹyin ló ti bá a wá. Ti èèyàn ni kò ní in. Òun lọ̀gá wa ń pè ní kòkòrò!

"Ọ̀gá, ṣé ká gún gbogbo adìyẹ ayé lábẹ́rẹ́ ni?" Mo pe akọ̀wé, mo pe àwọn tó ń gbálẹ̀, kí wọ́n wá wò ó. "Ìwé yín pọ̀ o, àmọ́ bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Ọ̀gá ò lè gbójú sókè. Ó rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé ó wá mọ́ ni?"

Ojú ibi igba la máa ń wò lórí gíláàsì tí a ta ẹ̀jẹ̀ sí ká tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ mọ́, torí kòkòrò lè má ju méjì mẹ́ta lọ nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì wò tó ogún. Àmọ́ kí n tún fojú sí awò níwájú rẹ̀, kó lè rò pé mò ń ṣiyèméjì? Láéláé.

"Ó mọ́ fóò," mo ní. Mo sì buwọ́ lu ìwé.

Wọ́n gbé idì lọ sínú àgò ńlá kó máa fi fífò dánra wò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó já lulẹ̀ láti òkè, ó kú.

Mo wá gíláàsì yẹn jáde, mo wò ó lójú kọ̀ọ̀kan. Ní ìkọkàndínlógójì, kòkòrò rèé, ó tẹ̀ kọrọdọ yí kókó dúdú náà ká. Oògùn kòkòrò náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde.

Ibẹ̀ ni bàbá bá mi.

"Ẹ ṣeun, màmá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀gá. Ó kúkú fò kó tó kú."

Mo fọwọ́ bo gíláàsì náà. Mo ní kò tọ́pẹ́.