Ẹ̀bẹ̀ tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ògiri

Mo fẹ́ràn láti máa sọ ti Shen Boru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn lẹ́nu mi ju bó ṣe dùn nínú mi lọ. Ẹ̀yìn èmi Qin yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n dàgbà fún ìyá rẹ̀. Ó di òṣìṣẹ́ ọba nílùú òkèèrè, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó tirẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀, orin kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ìyá:

Boru ń bọ̀ lọ́la, ẹ gbé ìrẹsì kaná,
Boru ń bọ̀ lọ́la, ìrẹsì ti tutù o.

Mo bá a gbè é títí, ó sú mi, ni mo bá gbéra lọ pe ọmọ.

Boru ò jáfara. Mo lọ tàdáwà lórí òkúta fún un, ó fi gègé onírun kọ ẹ̀bẹ̀ sí Alákòóso Wei, ọ̀gá rẹ̀, pé kó jẹ́ kí òun lọ rí ìyá òun kó tó kú. Àwa méjèèjì la gbé e lọ.

Alákòóso tú u, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wo bó ṣe kọ 'ìyá' níbí yìí. Ó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún."

"Olúwa mi, ṣé ẹ ti kà á?" Boru bi í.

"Ta ní í ka irú èyí? Wíwò là ń wò ó." Ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣẹ́dà, kí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá àlejò òun. "Tún òmíràn kọ wá, mà á dá ọ lóhùn."

Nílé, mo ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ jákujàku lọ́tẹ̀ yìí. Kọ ọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kí Alákòóso lè rójú kà á."

"Ìyá Qin, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ìyá ẹ ń kú lọ, ẹ̀sín lò ń rò."

Ó fa gègé rẹ̀ mọ́ra. Ó kọ ọ́, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Alákòóso fi ìyẹn ta àna rẹ̀ lọ́rẹ.

Ibi tí a ti ń retí èsì ni ìròyìn ikú ti bá wa. Òfin ọba tí kò jẹ́ kó lọ rí alààyè láìgbàṣẹ wá sọ ọ́ di dandan pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣọ̀fọ̀ òkú. Inú pósí la ti bá ìyá.

Boru fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì, ó sì kọ́ àhéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa ṣọ̀fọ̀. Kò pẹ́ tí èrò fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn, mo rò pé òkú ni wọ́n wá kí. Àṣé wọ́n fẹ́ ṣe àdàkọ ọwọ́ ìkọ̀wé Boru ni. Wọ́n tẹ́ ìwé tútù bo òkúta náà, wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n rẹ sí tàdáwà lù ú kí ohun tó kọ lè hàn sórí ìwé. Ẹnì kan ò kúnlẹ̀.

Mo fa ìgbálẹ̀ yọ, mo ń lé wọn, mo ń ṣépè fún wọn, ni Boru bá jáde nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Mo rò pé ó wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìwé wọn.

"Ẹ rọra," ó ní. "Tàdáwà yín ti pọ̀ jù, kò ní jẹ́ kó hàn dáadáa."

Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo gba ilé lọ.