Wáyà Abẹ́ Téèpù

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kí Ọlọ́run má fi irú ohun tí aránṣọ kan rí hàn wá.

Àti àárọ̀ ni gílóòbù yàrá ìránṣọ rẹ̀ ti kọ̀ tí kò tàn. Yàrá ọ̀hún ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ oníná, tó so gbogbo wáyà ilé náà, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti ń sọ fún un pé, "Iná yàrá yìí ò dáa. Kó ẹrù ẹ jáde, kí n máa kó irinṣẹ́ mi síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, pé iná dà bí ẹni tó lọ pọnmi: bó ṣe ní àlọ ló gbọ́dọ̀ ní àbọ̀, ibi tí ọ̀nà bá ti já, iṣẹ́ parí.

Ó yọ gílóòbù lọ sí pálọ̀. Ó tàn yòò. "Gílóòbù, o bọ́ nínú ẹjọ́." Ó pa iná nídìí mítà, ó tú súìṣì, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá ń fọwọ́ tọ wáyà lára ògiri títí dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó bá kan téèpù dúdú. Wọ́n ṣẹ́ ẹnu téèpù náà po, kó lè rọrùn láti tú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú u: wọ́n ti gé wáyà náà gééré, wọ́n ya orí méjèèjì nípá.

Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Aránṣọ mi, ṣé o ti ń dẹrù?"

"Ọmọ bàbá mi, a-so-wáyà-bí-ẹní-dirun, ta ló gé eléyìí?"

"Á jẹ́ eku."

"Eku wo ló ń fi píláyà jẹun, tó tún ń fi téèpù nu ẹnu?"

Ẹ̀gbọ́n wo téèpù, ó wolẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kí yàrá náà sú ẹ ni. N ò mọ̀ pé wàá lè wá a dé bẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Omi bọ́ lójú aránṣọ, kò nù ún. Ó na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá mi tó wà lọ́wọ́ yín."