Ojú Tuntun Fún Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Ọdún gbọọrọ ni Ẹnjiníà fi ń wá ojú tó mọ́ fún ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Oògùn díẹ̀ tó ń tú ìtànṣán jáde ni wọ́n máa ń gún sínú iṣan ènìyàn; ibi tí àìsàn bá wà ló máa ń kó jọ sí jù, á sì máa tàn níbẹ̀. Ojú ẹ̀rọ, ìyẹn pẹpẹ kírísítà kan tó mọ́ gaara bíi dígí, á sì máa gba ìtànṣán náà bó ṣe ń ti ara jáde. Bàìbàì ni ojú àtijọ́ ń ríran. Ohun tó bá kéré, fífò ló ń fò ó. Obìnrin yìí yọ́ kírísítà, ó gé e, ó tún un yọ́, títí àwọn ará ilé fi ní dígí ló fi ṣe ọkọ.

Nígbà tí ilé ìwòsàn gbà kí wọ́n dán ojú tuntun náà wò lára àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Káfíńtà, ló kọ́kọ́ nawọ́. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wo inú igi," ó ní, bó ṣe ń gun bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wo inú tèmi náà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò níbẹ̀, ẹ má fi ayùn wá a o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà àti dókítà bọ́ sí yàrá kejì tí kọ̀ǹpútà wà. Àwòrán jáde, eegun ìhà Káfíńtà ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Ẹnjiníà dùn dé góńgó. Ìgbà náà ló rí àmì kan tó ń tàn lára eegun ẹ̀yìn, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Dókítà tó dúró tì í tẹ̀ síwájú, ó wo àmì náà dáadáa.

"Àléébù ojú ẹ̀rọ ni," Ẹnjiníà yára sọ. "A kàn máa pa á rẹ́ ni." Òótọ́ ni pé wọ́n ti pa irú rẹ̀ rẹ́ rí, nígbà tó jẹ́ pé ìgò omi ni wọ́n fi ń dán an wò.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni dókítà fèsì. "Ẹ jẹ́ ká sún bẹ́ẹ̀dì."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí bẹ́ẹ̀dì bá sún tí àmì dúró síbi tó wà, ojú ẹ̀rọ ló ní àléébù. Bí àmì bá bá a sún, inú ara ènìyàn ló wà. Ẹnjiníà tó ti ń gbàdúrà látọdúnmọ́dún pé kí iṣẹ́ òun pé wá yí àdúrà padà: Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n dúró de àwòrán kejì. Eegun ẹ̀yìn sún, àmì náà sì bá a sún. Ohun tójú wá lojú rí.

"Ojú àtijọ́ ì bá fò ó," dókítà sọ jẹ́jẹ́. "Ó ṣì kéré. A máa ṣe àyẹ̀wò sí i ká tó mọ ohun tó jẹ́. Ṣé kí n bá yín sọ ọ́ fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni màá sọ ọ́."

Ó nu ojú rẹ̀, ó padà sí yàrá ẹ̀rọ. Káfíńtà ti ń wo ilẹ̀kùn yàrá náà tìkà-tẹ̀gbin, ó ní òun fẹ́ mọ ọ̀gá tó kọ́ ẹni tó kàn án níṣẹ́. Ìgbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kò ṣiṣẹ́, àbí? Má sunkún. Bí ẹsẹ̀ àga bá ń mì, ṣebí títún la máa ń tún un ṣe. Wàá tún ojú ẹ̀rọ yẹn ṣe, á ríran."

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ó ríran."