Ọ̀rọ̀ Kan Tó Lọ sí Ìlú Òyìnbó

Ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni Bùrọ̀dá Táyọ̀ lọ sí Kánádà. Gbogbo wa la mọ̀, àfi Màmá tó bí wọn. Ohun tí a sọ fún Màmá ni pé ibi iṣẹ́ ti gbé Táyọ̀ lọ sí Àbújá, pé ọ̀nà jìn, pé owó ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Màmá ní ó dáa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kì í sọ. Kò ní sọ níbi iṣẹ́, kò ní sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn kì í sọ fún ìyá wọn pàápàá, torí ìyá á ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà, ìjọ á sì gbọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá fi fọ́tò yìnyín síta kí aráyé tó mọ̀. Ti Bùrọ̀dá Táyọ̀ tún wá yàtọ̀. Wọ́n débẹ̀ tán, wọ́n ní ká ṣì mú sùúrù kí pépà tí àwọn máa fi gbé ìlú náà jáde. Pépà ò jáde. Irọ́ náà mọ́ wa lára.

Èmi Monílọ́lá, ọmọ ẹbí wọn, ni mo ń gbé lọ́dọ̀ Màmá ní àdúgbò Isikan. Òjò ọdún kejì ṣí òrùlé yàrá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí wú. Àǹtí Bọ́sẹ̀, àkọ́bí wọn, tó ń ṣe tíṣà ní Oǹdó, ní kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé dókítà wà nítòsí. Màmá kọ̀.

"Tí Táyọ̀ bá dé, tó bá ulé mi ní títì ńkọ́?"

Ẹni tó bá fèsì ló máa tú irọ́ náà. Ẹsẹ̀ ń wú sí i, Màmá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n bá tẹ̀ á sì jìn wọnú, kò ní tètè padà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Àǹtí Bọ́sẹ̀ rán Táíyé ọmọ wọn wá, bóyá tiẹ̀ á wọ Màmá létí. Táíyé wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oǹdó, ó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì aṣekágbá lórí bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń wọnú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Eruku ti bo bàtà rẹ̀ kó tó dé.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Arakale, Màmá. Iye tí ọlọ́kadà pè, mo rò pé ọ̀kadà náà ló fẹ́ tà fún mi ni."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ lórí àpótí. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ìwọ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí lo bá wá?"

"Ọ̀rọ̀ ni, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí. Epo ni ò sí."

Táíyé ṣàlàyé. Ó ní àwọn òyìnbó ń kó ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn. Wọ́n ti kó ọ̀kadà, wọ́n ti kó tòkunbọ̀.

"Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀."

"Mọ́tò àlòkù ni wọ́n kọ, Màmá."

"Hẹ̀n. Nígbà tí apá ò ká tuntun mọ́ ni. Akíntóyè ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbé e wọ àdúgbò yìí. Ó ní a ò gbọdọ̀ pè é ní àlòkù létí ìyàwó òun. Ó ti òkun bọ̀ ni, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ò mọ ìgbà tí yẹ̀yẹ́ tán tó di orúkọ." Màmá gbé ẹsẹ̀ kejì lé àpótí. "Ojú ló ń ti èèyàn. Á wá nǹkan tí yóò máa pè é."

Táíyé ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. "Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni jápa."

Mo wo ojú rẹ̀. Kò wò mí.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kéèyàn fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ máa gbé ìlú mìíràn, kí ayé rẹ̀ lè dára."

Màmá fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọn. "Wọ́n ṣàánú. Olè tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ la máa ń lò ó fún. Àbí ìyàwó tó kẹ́rù jáde láìsọ. Ẹni tó bá dágbére, ó rìnrìn àjò ni." Wọ́n yí ojú sí mi. "Èwo ni Táyọ̀ ṣe?"

Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀wà.

"Àbújá ni wọ́n wà, Màmá," Táíyé ní.

"Mo ní èwo ló ṣe. Ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, ibi tí o jókòó sí yẹn ló kúnlẹ̀ sí. Ó ní kí n fi oríkì ki òun. Mo kì í. Ó ní kí n tún òun kì, ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu mi. Ta ló ń lọ sí Àbújá tó ń gba ohùn ìyá rẹ̀ dání? Àbújá tí mọ́tò ń lọ láràárọ̀."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yẹn?" mo bi wọ́n.

"Ẹ̀ ń sọ, mò ń gbọ́. Ẹ gbìyànjú gan-an. Ìwọ Monílọ́lá tiẹ̀ ní oòrùn ibẹ̀ ń mú un."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò bá wa lọ sí Oǹdó?" Táíyé béèrè.

"Kò tíì dágbére fún mi. Ibi tó fi mí sí ni mo wà."

Táíyé tẹ nọ́ńbà náà. Ó pẹ́ kí Bùrọ̀dá Táyọ̀ tó gbé e. Ohùn oorun ló wà lẹ́nu wọn.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán. Àbújá gbóná o."

"Táyọ̀. Ṣé yìnyín pọ̀ níbẹ̀?"

A ń gbọ́ èémí wọn.

"Ó pọ̀, Màmá."

"Dágbére fún mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, pépà mi ló…"

"Mi ò bi ọ́ ní pépà. Dágbére."

"Ó dàbọ̀, Màmá."

"Ó dàbọ̀. Máa jẹun."

Màmá gbé fóònù fún Táíyé. Kò sẹ́ni tó sunkún. Mo parí ẹ̀wà tí mò ń ṣà, mo gbé e kaná.

"Màmá, kí ni kí n kọ sínú pírójẹ́ẹ̀tì mi?"

"Ohun tí àwọn òyìnbó kọ ni kóo kọ. Uṣẹ́ rẹ ni."

Lọ́jọ́ Ajé a kó ẹrù Màmá jáde. Nímọ́tà tó ń gbé iwájú wa wá gba kọ́kọ́rọ́.

"Màmá, tí Bùrọ̀dá Táyọ̀ bá wá béèrè yín ńkọ́?"

"Kò ní wá báyìí. Ó rìnrìn àjò."

Nínú bọ́ọ̀sì Oǹdó, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ka àwọn ọmọ àdúgbò wọn tó ti jápa. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá na ẹsẹ̀ sí orí àpò gàrí tó wà níwájú wọn, wọ́n ń wo igbó kòkó tó ń kọjá. Nígbà tí a dé gáréèjì, wọ́n ní kí n wò ó bóyá wíwú ẹsẹ̀ náà ti fà díẹ̀.

Mo wò ó. Kò tíì fà.